Òdòdó Tí Kò Fẹ́ Ilẹ̀ àti Odó Ìyá Ọkọ Mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ọmú wà lẹ́nu ọmọ mi. Orí àpótí ni mo jókòó sí lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá ọkọ mi ní Ọ̀kà. Ọmọ náà na ọwọ́, ó gbá mi lágbọ̀n, mo gbé orí sókè, ojú mi sì bọ́ sára igi obì tó wà níbẹ̀. Níbi tí igi náà ti pín sí méjì, ìdì nǹkan kan jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀ bí ìtẹ́ àwòdì. Àwọn ọ̀pá tó jọ ìrèké tẹ́ẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán láti inú rẹ̀, ewé wà lórí wọn téńté. Láàárín àwọn ewé yẹn ni òdòdó ti ya jáde lọ súà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n, àmì pupa dúdú sì wà lára rẹ̀ káàkiri, bí ìgbà tí epo bá ta sí búláòsì ẹni tó ń din àkàrà.

"Màmá, kí lèyí?"

Iṣu ni wọ́n ń bó. Wọn ò tilẹ̀ wòkè. "Èwo?"

"Èyí tó ń tan òdòdó lórí obì."

"Àfòmọ́ ni." Wọ́n ju èèpo iṣu sí ewúrẹ́. "Má wò ó mọ́. Olè ni."

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, àárín ìlú ni mo dàgbà sí. Igi kan ṣoṣo tó wà nínú ilé tí wọ́n bí mi sí ni ìbẹ́pẹ, akọ sì ni, kò so rí. Ṣùgbọ́n àti ọmọ ìlú àti ọmọ oko la jọ mọ àfòmọ́. Ó máa ń hù sórí igi ẹlòmíràn, á máa fa oje rẹ̀ mu títí igi ọ̀hún á fi gbẹ. Ẹni tó bá ní kòkó tàbí obì kì í fi ojú rere wò ó.

Màmá sì ní ìdí tiwọn. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ ló fún wọn ní ọ̀gbìn igi obì yẹn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi gbìn ín. Obì tí wọ́n fi tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi, orí rẹ̀ ló ti wá. Orí rẹ̀ náà la ti ká èyí tí a fi sọ ọmọ mi lórúkọ. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, aṣọ tó fi sílẹ̀ ti gbó tán. Igi yìí ló kù. Ní báyìí, ẹ̀ka tó kọjú sí òkè àpáta ti ń gbẹ, ewé rẹ̀ ń jábọ́ láìtó àsìkò.

"Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan," ni Màmá wí. "Tèmi ló wá bá tan yìí. Mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀kọpẹ."

Mo wo òdòdó yẹn, mo wo ẹ̀ka tó ń gbẹ. Ẹ̀ka tí òdòdó jókòó sí kọ́ ló ń gbẹ. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi lọ́kàn nìyẹn, mo kàn ń wò ó títí ọmọ fi sùn sí mi láyà.

Ọ̀kọpẹ dé ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí mo tún lọ kí Màmá. Ọmọ Etìóro ni, ojúgbà mi ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ọ̀pẹ ló ń gùn jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, kò sí igi tí kò ní gùn. Ó wo òkè, ó wo Màmá.

"Ìyá, obì yín ń tanná lọ́wọ́. Tí mo bá lọ ń fi àdá lu igi yìí báyìí, gbogbo òdòdó obì á gbọ̀n dànù. Kí lẹ máa wá ká?"

"Ṣé kí n wá fi olè sílẹ̀ nínú ilé ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá wá ká obì. Lọ́jọ́ yẹn, màá kó o kúrò ráúráú."

Màmá rò ó wò. "Ó dáa. Ọjọ́ tí a bá ká obì lọjọ́ ikú ẹ̀."

Èmi ni mo bẹ ọ̀kọpẹ kó bá mi gé díẹ̀ láì da igi láàmú. Ó rọra gùn ún, ó fi ọ̀bẹ gé ìdì kékeré kan tòun ti gbòǹgbò, ó jù ú sínú ìró tí mo tẹ́ sílẹ̀ dè é.

"Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe? Ọbẹ̀?"

"Jẹ́ kó gbé e lọ," ni Màmá wí. "Bóyá tó bá rí Ìkàrẹ́, á gbàgbé ọ̀nà Ọ̀kà."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ìkàrẹ́, mo gbé ọmọ lé itan kan, mo gbé nǹkan yẹn lé itan kejì nínú ọ̀rá. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó funfun bí ẹfun, ó gbẹ. Ọmọ mi ń fi ife omi rẹ̀ ṣeré, ó dà á sí i. Níṣojú mi báyìí, ibi tí omi kàn lára gbòǹgbò yẹn di àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí agẹmọ bá pa àwọ̀ dà. Mo tún ta omi sí òmíràn. Òun náà yí padà. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Ìyá ọmọ, kí lẹ ń bomi rin nínú mọ́tò?" Èmi gan-an ò tíì mọ ohun tó jẹ́.

Mo fi àwòrán òdòdó rẹ̀ bi fóònù mi léèrè. Ó ní ọ́kíìdì ni, irú èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ẹkùn pè nítorí àmì ara rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ilé rẹ̀, orí igi ló ń gbé, àwọn òyìnbó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Ibi tí mo kà dé nìyẹn tí dátà mi tán.

Bí ẹ bá fún ọmọ Àkókó ní ohun ọ̀gbìn, ilẹ̀ ló máa wá. Èmi náà wá ilẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ dúdú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ, mo rọ ọ́ kún inú ike ọ̀dà. Mo rì í wọlẹ̀ dé ọrùn, mo fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Òkè-Àgbè. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á bá mi níwájú ike.

"Ìyá ọmọ, ṣé ike yìí ti jẹun? Nítorí èmi ò tíì jẹ o."

Ó kọ́kọ́ ṣe dáadáa, àbí ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ àwọn ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, ó di dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí a gbàgbé sómi. Bí mo ṣe rí i bẹ́ẹ̀, omi ni mo tún bù sí i, mo rò pé òùngbẹ ni. Nígbà tí mo wá fà á, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí gbòǹgbò kankan nídìí rẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún Màmá lórí fóònù. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín.

"Ìyàwó, ṣé o wá gbà báyìí? Kò rí ẹni tó máa fa oje ẹ̀ mu. Ebi ló pa á."

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ikú rẹ̀ ń jẹ́rìí fún Màmá. Nígbà tó wà lórí igi, ó ń tanná. Nígbà tó kúrò lórí igi, ó kú. Ta ni mo fẹ́ sọ fún tí kò ní sọ pé àfòmọ́ ni lóòótọ́?

Mo ra dátà. Mo wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn òdòdó lórí fóònù, mo fi àwòrán ike mi han wọn, mo ní kí ni mo ṣe sí i. Obìnrin kan tí mi ò mọ ibi tó ń gbé dá mi lóhùn, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ilẹ̀ ni mo fi pa á. Ó ní afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́. Tí òjò bá rọ̀, á mu, lẹ́yìn náà á fẹ́ kí ara òun gbẹ. Tí a bá rì í mọ́ ilẹ̀ tútù, kò ní rí èémí mí. Ó ní kì í sì í jẹ igi, ó kàn ń wọ̀ sórí rẹ̀ ni, bí adìyẹ ṣe ń wọ̀ sórí igi ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní ara pákó lásán lòun so tòun mọ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Màmá ní Ọ̀kà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Obìnrin kan lórí fóònù ni, Màmá."

"Fóònù ti gun igi obì mi rí?"

"Màmá, ẹ wò ó. Ẹ̀ka tó jókòó sí kọ́ ló ń gbẹ. Ẹ̀ka kejì ni."

Wọ́n na ìka sí ẹsẹ̀ mi. "Tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ níbí yìí, ṣé orí ò lè fọ́ ẹ ni?"

Òótọ́ ni, orí lè fọ́ mi. Màmá gbé ọwọ́ lé ara igi obì bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná, wọ́n sì ń wo ẹ̀ka tó ń gbẹ yẹn. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Odó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná yẹn. Òun ni wọ́n fi gún iyán ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, kò sì pẹ́ sígbà náà tó là láti ẹnu dé ìdí. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dá iná. Wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í.

"Wò ó, ìyàwó. Odó yìí ti kú. Kò ní ewé, kò ní oje, bí o bá fún un bí aṣọ, omi ò ní kán lára ẹ̀. So nǹkan ẹ mọ́ ọn. Tó bá yè títí a ó fi ká obì, tó sì hu nǹkan tuntun, mo gbà pé kì í ṣe oje ló ń mu, màá ní kí ọ̀kọpẹ fi ti orí igi sílẹ̀. Tó bá kú, a ó kó gbogbo ẹ̀ kúrò, o ò sì ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́."

Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo ìwé tí mo kà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí ìdánwò tó mọ́gbọ́n wá tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbé odó náà lójú ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ Ìkàrẹ́."

"Kí o lè máa fún un lóúnjẹ ní kọ̀rọ̀? Odó mi ò lọ síbì kankan."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Má tíì dúpẹ́. Tí igi mi bá kú kí ọjọ́ yẹn tó pé, ọwọ́ ẹ ni màá ti máa béèrè obì."

Nígbà tí mo padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ìjì ti já ìdì òdòdó kan bọ́ láti orí igi, Màmá ò tíì ráyè sun ún. Òun ni mo mú. Mo fi iná yan ẹnu àlùmọ́gàjí mi kó lè mọ́, mo gé gbogbo gbòǹgbò tó ti jẹrà dànù, mo fi àwọn tó le sílẹ̀. A da ojú odó dé. Mo fọ ìhá ẹyìn díẹ̀, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo tán, mo tẹ́ ẹ́ pẹlẹbẹ sórí ìdí odó kí ó lè máa di omi díẹ̀ mú, mo gbé ìdì náà lé e, àwọn ọ̀pá rẹ̀ kọjú sókè. Mi ò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Ibi tí iṣẹ́ mi ti wúlò nìyí: mo ti gé síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ mi tó gbó sí tínrín-tínrín, nítorí aṣọ yẹn máa ń fà, kò ní gé ọ̀pá bí okùn. Mo fi dè é yí odó ká, mo dè é kó le, mo mì í wò. Obìnrin orí fóònù yẹn ti kìlọ̀ fún mi pé tó bá ń mì, gbòǹgbò tuntun kò ní lè di ibi kankan mú.

Mo béèrè bóyá kò sí èèwọ̀, nítorí a kì í jókòó lórí odó.

"Ènìyàn ni kì í jókòó lórí odó," ni Màmá wí. "Wọn ò dárúkọ ewé."

Ẹ̀gbẹ́ igi gúáfà la gbé e sí, nítòsí àpáta tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Oòrùn àárọ̀ ń kàn án níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, òjò sì lè rọ̀ lé e lórí kó sàn lọ. Mo padà sí Ìkàrẹ́, mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń retí ikú rẹ̀.

Mo ń pè.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Odó ńkọ́?"

"O ò béèrè mi?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá?"

"Mo wà. Odó náà wà."

Nígbàkigbà tí mo bá lọ, ọ̀dọ̀ odó ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí. Kò sí ayọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Ewé méjì já. Àwọn ọ̀pá hunjọ bí ìka ọwọ́ ẹni tó fọṣọ pẹ́. Màmá á dúró sẹ́yìn mi, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn hùn. Lórí igi obì, ewé ẹ̀ka kékeré mìíràn ti ń rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gbẹ.

Òjò wá dáwọ́ dúró, bó ṣe máa ń ṣe láàárín ọdún. Ẹ̀rù bà mí. Mo pe Màmá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi ta omi sí i.

"Omi tí mo fi orí rù? Kó máa retí òjò bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lórí igi."

Ó bójú mu, mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ọmọ pọ̀n, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà láì sọ fún wọn. Màmá kò sí nílé. Ilẹ̀ tó yí odó ká tutù rinrin, èèpo iṣu kan sì lẹ̀ mọ́ ara odó níbi tí omi ti ṣàn gbà. Mo ṣì ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé òjò rọ̀ ní Ọ̀kà ni?"

"Ó rọ̀."

"Orí odó nìkan?"

"Òjò Ọ̀kà mọ ibi tó ń rọ̀ sí." Wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi. "Ìyá kékeré, ẹ kú àbọ̀. Ṣé ìyá ẹ ò níṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ ni?"

Wọn ò fẹ́ràn òdòdó mi. Mo mọ ohun tó dé tí wọ́n fi ń bomi rin ín. Bí kì í bá ṣe òun ló ń pa igi, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń pa á, bí a bá sì kó o kúrò lórí igi, ẹ̀ka á ṣì máa gbẹ. Ó ti di dandan kí àwọn náà mọ̀. Omi tí wọ́n fi fọ iṣu ni wọ́n ń dà sí i.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí ohun tí a ń retí. Ó ti ń rìn nígbà yẹn, ó máa ń di odó mú láti dìde. Ó na ìka, ó ní, "Mọ́mì, kòkòrò." Mo rò pé tanpẹ́pẹ́ ni, mo sáré fà á sẹ́yìn. Kì í ṣe kòkòrò. Ohun tútù kan yọ orí lábẹ́ ọ̀pá, kò tó èékánná ọmọ tuntun, ó ń dán. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Gbòǹgbò ni.

Láti ìgbà náà, kò dúró mọ́. Òjò padà dé, gbòǹgbò yẹn gùn, ó rọ̀ mọ́ ara odó, ó tọ ibi tó là lọ, ó wọnú rẹ̀, ó tún yọ lódì kejì. Òmíràn tẹ̀lé e. Ọ̀pá tuntun gbérí. Lẹ́yìn náà ni àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ funfun kan jáde tí kò wá odó rárá. Òkè ni wọ́n kọjú sí, ṣóńṣó wọn mú, wọ́n pọ̀ bí abẹ́rẹ́ tí mo gún mọ́ tìmùtìmù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Mi ò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Màmá ló mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ló ń rí i lójoojúmọ́.

"Wá wò ó," wọ́n ní. "Ewé gúáfà tó bá já, àárín abẹ́rẹ́ yẹn ló ń há sí. Ibẹ̀ ló ń jẹrà sí, ilẹ̀ dúdú sì ti wà níbẹ̀. Ó dá ààtàn tirẹ̀ ni." Wọ́n ṣí ewé jíjẹrà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tún dá a padà. "Ohun tó ní ààtàn tirẹ̀, kí ló ń wá nínú ìkòkò ẹlòmíràn?"

Mo mọ ìyá ọkọ mi. Bí mo bá ní, "Ẹ ò rí i báyìí?", wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Ọjọ́ tí a ó ká obì pé. Ọ̀kọpẹ dé tòun ti okùn àti àdá, ó ń fi ọmọ mi ṣeré, ó ń pè é ní aya òun. Bó ṣe fẹ́ gun igi, ó béèrè.

"Ìyá, ṣé kí n kọ́kọ́ kó àfòmọ́ kúrò ni, àbí kí n kọ́kọ́ ká obì?"

Mo di apẹ̀rẹ̀ mú sí àyà. Màmá wo odó. Wọ́n wo òkè igi.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Lọ sí ara ẹ̀ka tó ń gbẹ yẹn. Wá ara ẹ̀ dáadáa, kí o sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Ó gùn ún kọjá ìdì òdòdó, ó wọ àárín ewé lọ títí a ò fi rí ju àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Lójijì, ó kígbe láti òkè.

"Ìyá! Nǹkan wà níbí o! Ewé ẹ̀ jọ ti obì gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè rí i láti ìsàlẹ̀. Ó ti gba gbogbo orí ẹ̀ka yìí!"

"Gé e."

"Gbogbo ẹ̀ka ni yóò lọ o."

Ẹ̀ka yẹn tóbi, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà. "Gé e, mo ní."

Nígbà tó wó lulẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn fúnra wọn gba àdá, wọ́n la ibi tí àlejò yẹn ti pàdé igi obì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú igi lọ bí eyín ṣe wọ inú erìgì, èèyàn ò mọ ibi tí obì parí sí àti ibi tí àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Àfòmọ́ tòótọ́ nìyẹn. Màmá ní kí ọ̀kọpẹ fi àtàǹpàkò ṣí gbòǹgbò ọ́kíìdì kan sókè. Ó ṣí i láti orí igi níbi tó ṣì wà. Ó ní èèpo igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé, ó jọ̀lọ̀, kò sí ihò kankan.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀," ni Màmá wí.

Wọn ò sọ pé mo jàre. Wọ́n po amọ̀ mọ́ eérú, wọ́n fún ọ̀kọpẹ kó fi rẹ́ ojú ọgbẹ́ igi. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó ti ẹ̀ka tó wó, wọ́n ń já àwọn obì tó kù lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó wọn sínú ìró wọn. Mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo ń já tèmi náà.

Ọyẹ́ dé. Lásìkò yẹn, a kì í fún ọ́kíìdì lómi púpọ̀, a máa ń jẹ́ kó sinmi, àfi bí ọ̀pá rẹ̀ bá hunjọ jù. Èmi kò sì lè ronú odó mọ́, igi ni mò ń rò. Bí mo bá pè, ohun tí mò ń béèrè ni, "Màmá, obì ńkọ́?" Wọ́n á ní, "Ó dúró." Ohùn wọn kò dùn. Igi tó bá dúró lè jẹ́ igi tó ti kú.

Òjò méjì kò tíì rọ̀ tán nígbà tí fóònù mi dún. Màmá kì í pè mí fúnra wọn, wọ́n ní èmi ni mo ní dátà. Mo pa máṣíìnì.

"Ìyàwó, o ò wá ni?"

"Màmá, ṣé kò sí o?"

"Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti gé e ti rú ewé. Ewé pupa, rírọ̀. Wá wò ó."

Mo lọ. Ó rú lóòótọ́, ó rọ̀ bí etí ọmọ. Lókè rẹ̀ ní ojú ibi tí igi pín sí, òdòdó ẹkùn yẹn tún ti ya, ó bo gbogbo ibẹ̀.

Ti ara odó kò tíì tanná. Mo tún tọrọ odó náà, wọ́n tún kọ̀. Wọ́n gé ìdì kan fún mi lára rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ọmọ odó tí wọ́n fi ń gúnyán nínú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Òun ni mo so ó mọ́, mo gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́ níbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé. Ọkọ mi ní ilé wa ni ilé kan ṣoṣo tí ọmọ odó ti ń hu ewé tí kò sì sí iyán.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, aládùúgbò Màmá kan wá gba iná, ó rí odó, ó pariwo.

"Yéè! Ìyá, ẹ jẹ́ kí àfòmọ́ gun odó yín?"

Màmá kò wòkè. Iṣu ni wọ́n ń bó.

"Oje ni àfòmọ́ ń mu," wọ́n ní. "Odó mi ní oje ni?"

Wọ́n gbé omi tí wọ́n fi fọ iṣu, wọ́n dìde, wọ́n lọ dà á sórí odó.